Ta Ló Kọ́ Yín Bí Wọ́n Ṣe Ń Fá Irùngbọ̀n?

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí ìbéèrè kan ti ń bá mi gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló bi mí. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago márùn-ún ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná ò sí. Mo fi fóònù ti ìgò ìpara kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sí jígí balùwẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan fa awọ ọrùn le, mo fi èkejì di abẹ mú. Ẹ̀jẹ̀ ti yọ lójú méjì lábẹ́ àgbọ̀n. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò mọ adìẹ pa, tó sì ń pa á. Nígbà tó yá, ó ní, "Dádì, ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n?"

Mo ní kó yà fún mi jàre, mo ti pẹ́. Òótọ́ ni, mo ti pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a há sí Nyanya nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, tí mo tẹ tíṣù mọ́ ọrùn, mo wá ìdáhùn títí, n kò rí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń fá irùngbọ̀n, kò sì sí ẹnì kan láyé yìí tó jókòó tì mí rí, kó ní bó ṣe ń lọ nìyí.

Bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀

Ẹni tó bá ń ti Mararaba lọ síbi iṣẹ́ láàárín Abuja ò nílò kí n ṣàlàyé ìdí tí àgbàlagbà fi ń fárùngbọ̀n lókùnkùn. Bí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ti fi ọ́ sílẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á jẹ àárọ̀ rẹ, owó ọkọ̀ á jẹ àpò rẹ, o ò sì tíì rí AYA, oríta tí a ń gbà wọ àárín Abuja, sójú.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe láàárọ̀, bí ẹni tí ajá ń lé ni. Màá bu omi tútù látinú dírọ́ọ̀mù. Omi tí a rà lọ́wọ́ mẹ́ruwa ni, a kì í fi ṣòfò. Màá fi pa ojú lẹ́ẹ̀kan, màá fi ọṣẹ ìwẹ̀ ra àgbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kó tó hó, abẹ ti dé orí rẹ̀. Abẹ onígi yẹ́lò tí wọ́n ń tà níbi gbogbo ni, èyí tó yẹ kí n ti jù nù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìsàlẹ̀ ọrùn ni mo ti máa ń fà á lọ sókè, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dán. Ibi tí kò bá lọ, màá tún un fá. Ibi tó bá ta mí, màá tún un fá sí i.

Èrè tí mo rí níbẹ̀ ni kókó wẹ́wẹ́, dúdú, líle, tó tò sí ọrùn bí ẹ̀gúsí tí wọ́n sá sórí àpáta. Bọ́m̀pùsì ni gbogbo wa ń pè é. Òmíràn á máa yún mi, òmíràn á gba ọyún. Bó bá wá di àsìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ Abuja gbẹ débi pé ètè ń là, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì lásán tó bá kàn án, omi á lé ròrò sí mi lójú.

Ìmọ̀ràn pọ̀ níbi iṣẹ́ wa ju fáìlì lọ. Ẹnì kan ní kí n máa fi sípíríìtì ra á. Mo rà á, mo rí ọ̀run lọ́sàn-án gangan. Ẹnì kejì mú páúdà ìfárùngbọ̀n wá fún mi, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kẹ́míkà inú rẹ̀ ló ń yọ́ irun, kò nílò abẹ rárá. Ó ṣiṣẹ́, n kò ní í purọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí lórí fóònù tí mo gbàgbé rẹ̀ sójú, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bó bí èèpo tòmátò tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná. Ẹnì kẹta ní kí n kúkú dá irùngbọ̀n sí. Ẹni yẹn ò tíì rí irùngbọ̀n mi rí. Bí mo bá dá a sí, apá ọ̀tún á kún dùgbẹ̀dùgbẹ̀, apá òsì á dà bí oko tí ewúrẹ́ ti wọ̀.

Lábẹ́ igi dóńgóyárò

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìbéèrè ọmọ mi, táyà jò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi nítòsí ọjà Mararaba, ọkọ̀ tí owó epo ti sọ di ti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni fọkanáísà tí mo bá níbẹ̀, ó sì ní ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú mi. Níbi tí mo ti ń wá ibòji ni mo ti rí wanzami lábẹ́ igi dóńgóyárò.

Wanzami ni àwọn Hausa ń pe onígbàjámọ̀ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ju irun lọ: òun náà ló ń dádọ̀dọ́ fún ọmọkùnrin, òun ló ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara ń ro. Ìwo màlúù mẹ́ta wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àpò awọ kan, kẹ́tù àlùwàlá oníke, àti abẹ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aska, tó fi aṣọ wé bí ẹni wé ọmọ tuntun. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ó gbójú sókè bí ẹni ń retí òjò. Mo ti rí wanzami lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà tí mo ti dé ìhà yìí. N kò wò ó rí. Ìbéèrè ọmọ mi ló jẹ́ kí n wò ó.

Ó da omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbá a mọ́ àgbọ̀n bàbá náà, pá, pá, pá, bí ìyá ṣe ń wẹ ọmọ. Ó fi ìka ra á wọnú irun. Ó dá ọwọ́ dúró. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa iye tí àgbò dà lọ́jà. Ó tún da omi, ó tún rà á. Ó mú ọṣẹ, ó fi ìka méjì fi kun gbogbo ibẹ̀, kò yára. Wọ́n tún padà sórí ọ̀rọ̀ àgbò. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí Hausa tí mo gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń ná ata lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi wà lára aago fóònù. Láti ìgbà tí omi ti kọ́kọ́ kan irùngbọ̀n náà títí di ìgbà tí aska kàn án, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Fífá gan-an ò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó gbọn aska lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síwá, sẹ́yìn. Òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti ń fà á wá sísàlẹ̀, kúkurú, kúkurú, abẹ ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́. Nígbà tó dé ọrùn, ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò ra irun lọ sókè, ó rà á wá sílẹ̀, ó rà á sápá ọ̀tún, bí télọ̀ ṣe ń fọwọ́ wá ojú àrán kó tó gé e. Lápá òsì, irun bàbá náà ò kọjú sísàlẹ̀, ọ̀nà etí ló kọjú sí. Wanzami yí ọwọ́ padà, ó sì fá a bó ṣe kọjú sí. Ẹ̀jẹ̀ ò yọ níbì kankan. Bàbá fọwọ́ pa àgbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó lọ.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti jókòó sórí àpótí.

Wanzami fi ìka kan gbé àgbọ̀n mi sókè sí oòrùn. "Subhanallahi." Ó fi àtàǹpàkò kan àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Ó wá ká aṣọ padà bo aska rẹ̀. "Ba zan yi ba," ló wí. Òun ò ní í ṣe é. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, mo na owó sí i, ó mi orí. "Ka bar shi ya huta." Kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ó na ìka méjì sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí n kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, ni mo bá ké sí fọkanáísà kó wá bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún girísì nu òógùn, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní irun yín ò ṣẹ̀ yín o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e padà wọlé."

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, olórí jókòó síbẹ̀, ó gbé owó lọ́wọ́, onífárí ló ní òun ò fá.

Ẹ gba ọgbọ́n rẹ̀, ẹ má gba abẹ rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sojú abẹ níkòó kí n tó tẹ̀síwájú. Ó dára bí ó ṣe lé mi dìde yẹn. Aska tó fi fá bàbá arúgbó, aṣọ lásán ló fi nù ún kó tó wé e, ara ẹlòmíràn ló sì ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí ti tó láti kó àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ran ènìyàn. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè lórí nǹkan fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, kódà bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti gbẹ. HIV kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níta, àmọ́ abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí à ń fi dán orí wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tiẹ̀ wà fún hepatitis B, ẹni tí kò bá tíì gbà á, kó lọ gbà á.

Ohun kan náà ló kan inú ilé. Bàbá àti ọmọ ò gbọdọ̀ jọ lo abẹ, tọkọtaya náà ò gbọdọ̀ jọ lò ó. Mo mọ ilé kan tí abẹ kan ṣoṣo wà nínú ife balùwẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fá abíyá tàbí irùngbọ̀n á kàn mú un. Ilé mi ni, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nígbà tí mo padà lọ bá wanzami lẹ́yìn oṣù kan, mo mú bíléèdì tuntun tí a ò tíì tú dání, mo béèrè bóyá ó lè fi ìyẹn fá mi. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó ki ìdajì bọ inú ìdìmú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi.

Irun tó ń padà wọlé

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni ọ̀rọ̀ "ẹ̀ ń lé e padà wọlé" yẹn. Ìgbà tí mo ka ohun tí àwọn dókítà awọ ara ń sọ nípa rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé wọn ò lè sọ ọ́ kó yé ènìyàn jù báyẹn lọ. Irun àwa adúláwọ̀ ń ká. Ihò tó ti ń hù gan-an tẹ̀. Bí abẹ bá gé e, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bó bá wá ń hù, á ká, á sì fi ẹnu ṣóńṣó yẹn gún awọ wọlé padà. Ara á kà á sí ẹ̀gún, á gbógun tì í. Kókó tí à ń rí lọ́rùn yẹn, ojú ogun ni.

Ó tún ní ọ̀nà kejì tó ń gbà wọlé. Bí a bá fa awọ le, tàbí tí abẹ náà bá ní ju ẹnu kan lọ, ẹnu àkọ́kọ́ á fa irun jáde díẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á gé e kó tó padà. Bí awọ bá sì ti wálẹ̀, ìdí irun tó kù á rì sábẹ́ awọ, ibẹ̀ láá ti máa hù, á máa wá ọ̀nà jáde bó ṣe rí i. Ní 1971 ni abẹ ẹlẹ́nu méjì dé orí àtẹ, ẹlẹ́nu mẹ́ta dé ní 1998, ẹlẹ́nu márùn-ún dé ní 2006. Fún ọkùnrin tí irun rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́, ìrọ̀rùn ni. Irun tó ń ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ.

Omi wá ńkọ́? Irun tó bá mu omi fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta á wú, á rọ̀, agbára tí abẹ máa fi gé e á sì dín kù gan-an. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́rin wanzami wọlé sí, tó dà bíi pé ọ̀rọ̀ àgbò nìkan ni wọ́n ń sọ.

Bàbá mi ò fá irùngbọ̀n ara wọn rí

Mo wá padà sórí ìbéèrè ọmọ. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọn ò fọwọ́ ara wọn fá irùngbọ̀n rí lójú mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, onígbàjámọ̀ ló máa ń wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní àpótí pákó kékeré kan, ọṣẹ, abọ́ omi, àti òkúta tó fi ń pọ́n abẹ. Àwa ọmọdé á ti fọ́n ká, torí bó bá ti ṣe bàbá tán, orí wa ló kàn. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni fífá nígbà náà, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ tó gba ìdáǹdè, tó mọ ojú irun gbogbo ọkùnrin àdúgbò bí èmi ṣe mọ ojú ọ̀nà ilé mi. Ọbẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bàbá mi ò lè kọ́ mi ní ohun tí wọn ò mọ̀, wọn ò sì nílò láti mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ lókè òkun, ó ti pẹ́ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ King Camp Gillette ti rò ó pé ó yẹ kí ènìyàn lè fá ara rẹ̀ nílé láì wá onígbàjámọ̀ lọ: abẹ fẹ́lẹ́ tí kò nílò pípọ́n, tí a ó lò tí a ó sì sọ nù. Ní 1903, tó kọ́kọ́ gbé e sọ́jà, igi abẹ 51 àti bíléèdì 168 péré ló tà. Ní 1904, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ìjọba náà ń rà á fún sójà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin sì mú àṣà náà bọ̀ wálé láti ojú ogun. Títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa náà, tó fi di pé láti Kano dé Èkó, o ò ní rìn jìnnà kí o tó rí ẹni tó ń ta bíléèdì lórí àtẹ.

Ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn. Onígbàjámọ̀ kò wá sílé wa mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ohun tó mọ̀ kó tó lọ. A ra abẹ, a ò ra ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì wọn, ṣé irùngbọ̀n nìkan ni?" Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá iná igi, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń mọ igi tó ṣì tutù nínú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní iná gáàsì. Ọdún kẹrin tí a ti ń lo sílíńdà ni ọmọkùnrin kan tó ń ta gáàsì ní Karu tó fi hàn án pé omi ọṣẹ ni wọ́n ń fi pa ẹnu rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Bó bá hó, ó ń jò. Ọdún mẹ́rin la fi sùn ti nǹkan yẹn láì bi í léèrè. Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́, tí àwọn ènìyàn ń gbé sí kọ́rídọ̀ nítorí olè, tí èéfín rẹ̀ sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú? Ẹni tó tà á ò sọ. Ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, wọ́n sì ti fi dáná ẹ̀wà.

N kò ní ká padà sáyé onígbàjámọ̀ o. N kò ní àyè rẹ̀, mo sì ti sọ tinú mi nípa aska. Ohun tó ń ká mi lára ni pé mo ti ń pe àìmọ̀ mi ní ìkánjú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ pé àyè ni n kò ní. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ọmọ bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo fi aago wo ara mi: fífá, títún fá, dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, wíwá tíṣù kiri, pípààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì torí ẹ̀jẹ̀ ti kan kọ́là. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí

Mo fún ọrùn ní ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀. Mo rí bí ẹni tí wọ́n ń wá. Ọ̀gá wa obìnrin fara balẹ̀ bi mí bóyá ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, mo ní rárá, wọn ò gbà mí gbọ́.

Nísinsìnyí, alẹ́ ni mo ti máa ń rọ omi gbígbóná sínú fúláàsì. Láàárọ̀, kí n tó wẹ ibì kankan lára, màá fi omi náà àti ọṣẹ ra àgbọ̀n àti ọrùn dáadáa, màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá máa wẹ ara yòókù lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i jàre. Ìṣẹ́jú mẹ́rin wanzami pé, ṣùgbọ́n n kò dúró dè é. Nígbà tí mo bá fi máa fọ ẹsẹ̀ tán, irùngbọ̀n ti rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tó jinná. Màá tún fi ọṣẹ dúdú rà á kó yọ̀. Abẹ ẹlẹ́nu kan ni mo ń lò, irú èyí tí wọ́n ń ki bíléèdì sí, ọjà Wuse ni mo ti rà á. N kì í fa awọ mọ́. N kì í tẹ abẹ, ìwúwo rẹ̀ ti tó. Bí irun ṣe kọjú sí ni mo ń fá a, mo sì ń ṣan abẹ nínú ife omi bí ọṣẹ bá ti kún ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bí òjìji irun bá ṣẹ́ kù, kó ṣẹ́ kù. Èyí ló ṣòro fún mi jù. Ọwọ́ mi ṣì máa ń fẹ́ padà lọ fá ibi kékeré kan lábẹ́ àgbọ̀n lápá òsì kó lè dán, ibẹ̀ gan-an sì ni kókó tó ṣẹ́ kù lọ́rùn mi wà.

Gbogbo rẹ̀ lójú jígí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó fi kún un fún mi pé ó tún máa ń yá jù.

Omi tútù ló kàn, lẹ́yìn náà álọ́ọ̀mù, èyí tí a fi ń mú kí omi tòrò, màá rì í sómi, màá fi ra ibẹ̀. Ó máa ń ta díẹ̀. Òrí bín-ín-tín ló gbẹ̀yìn, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ méjì ni mo ń fá a, n kò fá a lójoojúmọ́ mọ́, ti Ọjọ́ Ajé sì rèé, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ṣe é. Bí bíléèdì kan bá ti fá mẹ́rin, ó ti kú nìyẹn. Mo lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sórí agolo mílíìkì kan, inú rẹ̀ ni mo ń ju òkú bíléèdì sí, nítorí àwọn ọmọ baban bola tó ń fi ọwọ́ lásán tú ilẹ̀ wa. Ẹni tí bọ́m̀pùsì rẹ̀ bá le ju tèmi lọ, kó fi abẹ sílẹ̀ pátápátá, kó máa fi klípà gé e sílẹ̀ díẹ̀. Irun tí kò bá kúrú jù kì í rí àyè gún awọ.

Ní Sátidé tó kọjá, mo pe ọmọ mi sí balùwẹ̀. Mo ti ra abẹ tirẹ̀ fún un, mo fi sínú ife tirẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi, pé bàbá àgbà rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n, pé ọ̀dọ̀ wanzami kan lábẹ́ igi tó kọ̀ láti fá mi ni mo ti ń kọ́ ọ. Ó rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó fi ìka wá ojú irun ètè òkè rẹ̀ kó mọ ibi tó kọjú sí. Ó fọwọ́ pa á lọ, pa á bọ̀, ó ní òun ò rí irun kankan. Mo ní kó wá a dáadáa. A kà á pọ̀, mọ́kànlá ni.

Mo da omi gbígbóná sí i lọ́wọ́, ó gbá a mọ́ ojú. Mo tún dà á. Láti kíṣìnnì, ìyá rẹ̀ ń pariwo pé mẹ́ruwa ò tíì dé o, omi wo lẹ fi ń ṣòfò nítorí irun mọ́kànlá. Ọmọ náà ti gbé abẹ sókè. Ọṣẹ ti bo ẹnu rẹ̀ dé ihò imú. "Dádì, ṣé kí n máa fá a?"

Mo wo fóònù mi. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Mo gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún bu omi sí i lọ́wọ́, mo sì bi í bóyá ó mọ iye tí wọ́n ń ta àgbò.